Bí ọmọ Èkìtì ṣe lè jẹun yó ní kafetéríà tapas inú ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń ti FUOYE, EKSU, ABUAD àti ibòmíì ríṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá lókè òkun, àtẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ mú lọ wo ọ́fíìsì ẹ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹni tó bá ti Èkìtì lọ, ìbéèrè tí ìyá ẹ̀ á kọ́kọ́ bi í lórí fóònù kì í ṣe ti owó oṣù, "Ṣé uyán wà níbẹ̀?" ni. Kò sí o. Ohun tó wà láwọn ọgbà ilé-iṣẹ́ kan báyìí ni kafetéríà tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ sínú àwo pẹrẹsẹ kéékèèké bíi ti àwọn ará Sípéènì, èyí tí wọ́n ń pè ní tapas, nǹkan tó máa tó ẹnu mẹ́ta mẹ́rin ló wà nínú àwo kan, ọmọ Èkìtì á wò ó, àyà ẹ̀ á já.

Ohun méjì ló sì máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan á mú àwo kan ṣoṣo torí ojú ń tì í, kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní wọ̀bìà, ebi á wá máa pa á nídìí kọ̀ǹpútà títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹlòmíì á kó àwo mẹ́jọ sórí tíréè lẹ́ẹ̀kan náà torí ó ti wò ó pé èyí ò lè tó òun, ìdajì ẹ̀ á tutù, á dà á nù. Àwọn méjèèjì ló ń dùn mí. Oúnjẹ yẹn dáa, ó sì ń yóni gan-an, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú un, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á tún dìde lọ mú sí i, gbogbo tábìlì ló sì jọ ń jẹ ẹ́. Orí èyí ni gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ kọ yìí dúró lé.

Bẹ̀rẹ̀ nígbà tó o ṣì wà l'Adó

Má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tó o débẹ̀ lo máa kọ́kọ́ fẹnu kan irú oúnjẹ yẹn. Ẹni tó bá ti jẹ small chops níbi ìnáwó ti mọ bó ṣe ń rí kéèyàn jẹ oríṣiríṣi nǹkan kéékèèké láìsí òkèlè, àmọ́ ìpanu ni small chops, o mọ̀ pé ìrẹsì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ti tapas yìí, òun gan-an loúnjẹ ọ̀sán, kò sí nǹkan kan tó ń bọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o ti mọ èyí tó ń dúró síkùn nínú ẹ̀ kó o tó lọ.

Èyí tó rọrùn jù láti sè ní Èkìtì ni tortilla àwọn ará Sípéènì. Kì í ṣe èyí pẹlẹbẹ ti Mexico tí wọ́n fi ń wé ẹran o, ẹyin àti pòtétò lèyí. Lọ sí Ọjà Bísí tàbí Ọjà Ọba, ra pòtétò bí ìdajì kílò, àlùbọ́sà ńlá kan, ẹyin mẹ́fà. Bó pòtétò, gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gé àlùbọ́sà náà, bu iyọ̀ sí i, kó o dín méjèèjì pọ̀ nínú òróró tó pọ̀ lórí iná jẹ́jẹ́, bí ogún ìṣẹ́jú. Kó rọ̀ lo fẹ́, má jẹ́ kó pọ́n, má jẹ́ kó le. Epo ólífì ni wọ́n ń lò ní Sípéènì, òróró tiwa náà á ṣe é. Sẹ́ òróró ẹ̀ kúrò, da pòtétò àti àlùbọ́sà sínú ẹyin tó o ti pò, jẹ́ kó wà níbẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹyin wọnú ẹ̀. Fi òróró díẹ̀ sínú páànù, da gbogbo ẹ̀ sí i, iná jẹ́jẹ́ náà ni, tí etí ẹ̀ bá ti dì, fi àwo pẹrẹsẹ dé orí páànù yẹn, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, yí i dojú dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìṣiyèméjì, kó o wá rọra tì í padà sínú páànù kí ẹ̀gbẹ́ kejì náà lè jinná. Má fi ata sí i, má fi Maggi sí i, jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ná. Jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́ kó o tó gé e. Wàá rí i pé ìgé méjì pẹ̀lú omi, ó ti ń dúró síkùn. Lọ́jọ́ tó o bá wá rí i lórí kánńtà lọ́hùn-ún, o ò ní dá a padà pé kò gbóná, torí bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn, wọ́ọ́rọ́ tàbí tútù.

Báàjì, owó, àti aago

Báàjì tó wà lọ́rùn ẹ ló máa gbé ẹ wọlé, nígbà míì òun náà lo máa fi sanwó, má gbàgbé ẹ̀ sórí tábìlì ọ́fíìsì. Kó o sì ti béèrè láàárọ̀ bóyá ọ̀fẹ́ loúnjẹ àbí wọ́n ń sanwó, torí kò rí bákan náà káàkiri. Google ti ń fún òṣìṣẹ́ lóúnjẹ ọ̀fẹ́ látijọ́, ọdún 1999 ni wọ́n gba alásè wọn àkọ́kọ́, Charlie Ayers, ìyẹn nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún kan. Meta, àwọn tó ni Facebook, náà ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní orílé-iṣẹ́ ẹ̀. Àmọ́ ní Apple àti Microsoft, òṣìṣẹ́ ló ń sanwó oúnjẹ ọ̀sán ẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń sanwó, àwo kọ̀ọ̀kan ló ní iye tiẹ̀, nítorí náà àwo kéékèèké mẹ́fà lè di owó tó ju àwo ńlá kan lọ, wo iye tó wà lára káàdì kékeré iwájú àwo kó o tó gbé e. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kì í gba owó béébà, mú káàdì báńkì dání.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ ní Sípéènì gan-an yàtọ̀ sí ti ọgbà ilé-iṣẹ́, ó dáa kó o mọ̀ ọ́n torí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń jẹun á máa sọ ọ́. Ní San Sebastián, níbi tí wọ́n ti ń pe tiwọn ní pintxos, igi tín-ín-rín bí ìtayín ni wọ́n fi ń gún púpọ̀ nínú ẹ̀ mọ́ orí búrẹ́dì, oníbàárà á máa kó igi ẹ̀ jọ sínú àwo, tó bá fẹ́ lọ wọ́n á ka igi, wọ́n á sì fi gbowó. Ní Granada, tó o bá ti ra nǹkan mímu, wọ́n á gbé tapa kan tì í lọ́fẹ̀ẹ́, tó o bá tún ra òmíì, òmíì á tún dé. Ohun tí gbogbo ẹ̀ fi jọra ni pé kò sẹ́ni tó ń kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èèyàn á mú kan, á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á tún mú kan.

Ti aago ńkọ́? Aago méjì sí mẹ́ta làwọn ará Sípéènì ń jẹun ọ̀sán, oúnjẹ alẹ́ wọn lè di aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Má retí ìyẹn nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Aago mọ́kànlá àbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣí, tó bá fi máa di aago méjì wọ́n ti ń kó àwo kúrò. Aago méjìlá géérégé lèrò máa ń pọ̀ jù torí ìgbà yẹn ni gbogbo mítìn-ìn àárọ̀ ń tán. Ìmọ̀ràn tèmi ni kó o tètè lọ, ní kété tí wọ́n bá ṣí, torí ti tapas yàtọ̀ sí ti ìrẹsì inú kúlà: nǹkan díndín tó bá ti dúró sábẹ́ iná fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti rọ̀, adùn ẹ̀ ti lọ. Tó o bá sì pẹ́ dé, kúrò nídìí nǹkan díndín, kọjú sí nǹkan tútù àti ọbẹ̀, àwọn yẹn kì í yí padà.

Yí i ká kó o tó mú nǹkan kan

Má gbé tíréè. Kọ́kọ́ fọwọ́ lásán rìn yí gbogbo kánńtà ká, o ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wàá rí i pé nǹkan tútù máa ń wà lápá kan, nǹkan díndín lápá kan, ìkòkò kéékèèké tó ń gbóná lápá kan, búrẹ́dì sì wà níbi tó jẹ́ pé tó o bá ń sáré wàá kọjá ẹ̀. Sàmì sí ibi tí búrẹ́dì wà, wàá nílò ẹ̀.

Iwájú àwo kọ̀ọ̀kan ni káàdì kékeré kan máa ń wà. Kà á. Mi ò sọ pé kó o wò ó fìrí, kà á tán. Òfin Amẹ́ríkà ka oúnjẹ mẹ́sàn-án sí èyí tó lè ṣe àwọn kan ní jàǹbá, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ sára oúnjẹ inú páálí àti ọ̀rá: wàrà, ẹyin, ẹja, edé àti alákàn, èso igi bíi kajú, ẹ̀pà, àlìkámà, sóyà, àti yànmọ̀tí tó wọlé sí i ní January 2023. Yúróòpù ní tiwọn ka mẹ́rìnlá. Kafetéríà ńlá sábà máa ń kọ àwọn nǹkan yìí sórí káàdì pẹ̀lú, pẹ̀lú àmì èyí tí ò ní ẹran àtèyí tí ò ní wàrà tàbí ẹyin rárá. Tí edé bá máa ń mú ara ẹ yún, má fi ojú wò ó kó o sọ pé kò sí edé nínú ẹ̀, bi alásè, torí páànù kan náà ni wọ́n lè fi dín nǹkan mẹ́ta.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, àti gbogbo ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fojú sílẹ̀ jù, torí nínú gbogbo oúnjẹ òyìnbó, mi ò mọ èyí tí ẹlẹ́dẹ̀ fara pamọ́ sí tó ti Sípéènì. Jamón, itan ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ó dà bíi pé tútù ló wà, wọn ò sì fi iná sè é lóòótọ́, iyọ̀ ni wọ́n fi pa á, wọ́n á wá gbé e kọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i fún oṣù púpọ̀ títí tó fi máa gbẹ. Chorizo náà, ẹlẹ́dẹ̀ ni, wọ́n sì máa ń gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀wà, sínú ẹyin, sínú ọbẹ̀, tó o bá rí òróró pupa lójú àwo, béèrè kó o tó mú un. Èyí tó ń tan èèyàn jù ni croqueta. Lóde, nǹkan díndín rìbìtì tó pọ́n dáadáa ni, kò sẹ́ni tó máa rò ó. Àmọ́ inú ẹ̀, wàrà àti ìyẹ̀fun tí wọ́n rò pọ̀ ni, jamón wẹ́wẹ́ ló sì sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Bọ́ọ̀lù ẹran tí wọ́n ń pè ní albóndigas, wọ́n lè po màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀, wáìnì sì lè wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀. Bi wọ́n tààrà: ṣé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀, ṣé wáìnì wà nínú ẹ̀. Wọn kì í bínú sí i, iṣẹ́ wọn ni.

Ti wàrà náà kì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni inú ń run tá a bá mu mílíkì tútù, ẹni tó mọ̀ pé ara òun ò gbà á kó yáa jìnnà sí croqueta. Wàràkàṣì Manchego, tí wọ́n ń fi wàrà àgùntàn ṣe ní La Mancha ní Sípéènì, èyí tó ti pẹ́ nínú ẹ̀ ò ní ṣúgà wàrà púpọ̀ mọ́, ẹlòmíì lè jẹ ìyẹn kí nǹkan kan má ṣe é. Fi díẹ̀ dán an wò, kì í ṣe lọ́jọ́ tó o ní mítìn-ìn lọ́sàn-án o.

Ìgbà mẹ́ta ni wàá dìde

Ní báyìí, mú tíréè. Ìgbà àkọ́kọ́, àwo méjì péré, kí ọ̀kan jẹ́ nǹkan tútù, kí ìkejì jẹ́ èyí tó ń dúró síkùn. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé nǹkan tó wúwo gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti Èkìtì lọ, torí ikùn tí iyán tọ́ dàgbà kì í ní sùúrù, tó o bá fi ólífì àti ewébẹ̀ nìkan bẹ̀rẹ̀, ìgbà kejì lo máa kó gbogbo kánńtà. Fi tortilla bẹ̀rẹ̀. Kí nǹkan tútù ẹ jẹ́ búrẹ́dì tí wọ́n fi tòmátò pa lójú, tí wọ́n ta òróró ólífì àti iyọ̀ sí, ó rọrùn, ó sì ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun. Ólífì ní kóró, rọra gé e jẹ, tu kóró ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Tó o bá rí ọbẹ̀ tòmátò tútù tí wọ́n ń pè ní gazpacho, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, má gbé e lọ sínú maikirowéèfù, mu ún bẹ́ẹ̀.

Ìgbà kejì ni ti nǹkan gbígbóná. Edé alááyù, gambas al ajillo, ni mo fẹ́ kó o wá. Inú ìkòkò amọ̀ pẹrẹsẹ kékeré ló máa ń wà, òróró ólífì á ṣì máa hó yéèyéè létí ẹ̀, ááyù tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á ti ń pọ́n bọ̀, edé á ti ká kò, ata gbígbẹ kan á sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Má fọwọ́ kan ìkòkò yẹn, ó gbóná ju bó ṣe rí lójú lọ, àwo tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni kó o dì mú. Fi fọ́ọ̀kì mú edé jẹ tán. Ìgbà yẹn loúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ya búrẹ́dì, fọwọ́ mú un, tì í bọ òróró tó kù nísàlẹ̀, jẹ́ kó mu ún dáadáa, ááyù á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá jẹ edé tó sì fi òróró yẹn sílẹ̀ ò tíì jẹ ẹ́. Búrẹ́dì lòkèlè ẹ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o sàmì sí ibi tó wà.

Ìkejì ẹ̀ lè jẹ́ pimientos de Padrón, ata tútù kéékèèké láti Galicia tí wọ́n dín lódindi, tí wọ́n wọ́n iyọ̀ wóróworó sí. Mú un níbi igi ẹ̀, gé ara ẹ̀ jẹ, fi igi ẹ̀ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀ ò ta rárá, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀kan á ta gan-an, o ò sì lè fojú mọ̀ ọ́n, àwọn òyìnbó á pariwo, ìwọ á gbádùn ẹ̀.

Ìgbà kẹta, padà sídìí èyí tó o fẹ́ràn jù, kó o sì fi ẹ̀fọ́ tì í. Ní Seville wọ́n ní ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n ń pè ní espinacas con garbanzos, ẹ̀fọ́ spinach tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà garbanzo pẹ̀lú ááyù, kúmínì àti ata pimentón, wọ́n sì máa ń gún búrẹ́dì díndín sínú ẹ̀ kó lè ki. Tó o bá rí i, mú un. Ẹni tó mọ ẹ̀fọ́ rírò ò ní ṣe àjèjì níbẹ̀, ẹ̀wà inú ẹ̀ ń yóni, kò sí ẹran nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ á kọjá ẹ̀ lọ sídìí nǹkan díndín, ó máa ń ṣẹ́kù. Èmi ò rí ohun tó dáa jù ú lọ fún ọmọ Èkìtì lórí kánńtà yẹn. Patatas bravas náà ń bẹ, pòtétò díndín tí wọ́n da ọbẹ̀ pupa lé, àwo kan ti tó, torí òróró pọ̀ nínú ẹ̀ tí á fi mú ẹ sùn lórí kọ̀ǹpútà.

Tó o bá kà á, àwo márùn-ún sí mẹ́fà nìyẹn fún ẹnì kan ṣoṣo, ìyẹn ti tó oúnjẹ ọ̀sán tó péye. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin lórí tábìlì, kí kálukú mú méjì tó yàtọ̀ síra wá, àwo mẹ́jọ ti wà láàárín yín, gbogbo yín á tọ́ gbogbo ẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ẹ á mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ tún lọ mú.

Ọ̀rọ̀ ata

Kí n sọ òótọ́ fún ẹ, oúnjẹ Sípéènì kì í ta. Pimentón tí wọ́n ń lò, ata gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ẹ̀ ni wọ́n fi èéfín igi yan, òórùn ẹ̀ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe kó ta. Ọ̀pọ̀ kafetéríà ní tábìlì kan tí ìgò ata olómi wà, wá a lọ. Tó o bá sì fẹ́ mú ata gígún tilé dání, ìgò kékeré tó dé dáadáa ni o, orí àwo tìẹ nìkan ni kó o bù ú sí, má bù ú sórí àwo àárín tábìlì láé, ata wa lè ṣe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní nǹkan.

Lórí tábìlì

Nílé, a máa ń dúró kí àgbà kọ́kọ́ bu òkèlè. Lọ́hùn-ún, ọ̀gá ẹ lè tò sẹ́yìn ẹ lórí ìlà, orúkọ ẹ̀ gan-an ni gbogbo èèyàn ń pè é, kò sì ní retí kó o fún òun láyè. Má jẹ́ kó dà ẹ́ láàmú, má dúró kí oúnjẹ ẹ tutù. Tó o bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún wọn, nígbà tó o bá ń dìde lọ mú òmíì, bi gbogbo tábìlì ohun tó o lè bá wọn mú bọ̀. Ìyẹn wúlò fún wọn, wọ́n sì máa ń rántí ẹ̀.

Ṣíbí tó bá wà nínú àwo àárín, òun ni kó o fi bù sínú àwo tìẹ, má ti fọ́ọ̀kì tó ti wọnú ẹnu bọ àwo tí gbogbo yín ń jẹ. Nǹkan tí wọ́n ń fọwọ́ jẹ pọ̀ níbẹ̀, ólífì, croqueta, búrẹ́dì, pintxo, nítorí náà fọ ọwọ́ ẹ kó o tó jókòó bó o ṣe ń ṣe nílé, kó o sì fọkàn balẹ̀ fọwọ́ jẹun. Àwọn kan nínú wọn máa ń fi ọwọ́ òsì di fọ́ọ̀kì mú, wọ́n tún lè fi ọwọ́ òsì gbé àwo fúnni, má kà á sí àfojúdi. Ẹyọ kan tó bá ṣẹ́kù nínú àwo máa ń dá wà níbẹ̀, kálukú á máa wò ó. Béèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá ẹnì kan fẹ́ ẹ, tí wọ́n bá ti ní rárá, jẹ ẹ́.

Kí àwọn alásè. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń kí wọn, ìwọ tó o ti Èkìtì wá mọ̀ pé ẹni tó bù fúnni lóúnjẹ yẹ ní kíkí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n á ti mọ̀ ẹ́, tí croqueta tuntun bá ti ń ti inú òróró jáde, wọ́n á sọ fún ẹ kó o dúró díẹ̀.

Tí òbí bá ń bọ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ yẹn, torí ní gẹ́ètì wọ́n máa ń béèrè ìdánimọ̀, wọ́n á ní kí àlejò fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á lẹ nǹkan mọ́ wọn láyà, àlejò ò sì gbọ́dọ̀ dá rìn. Ilé-iṣẹ́ míì ní iye àlejò tí èèyàn lè mú wá lóṣù, ẹ béèrè. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má ya fọ́tò kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn àti pátákó tí wọ́n kọ nǹkan sí.

Ẹ má jẹ́ kí bàbá àti ìyá yín máa tò pẹ̀lú tíréè. Ẹ wá ibi ìjókòó tó dáa fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹ gbé àwo wá bá wọn. Ẹ má fi jamón bẹ̀rẹ̀, ojú wọn ò ní gbà á. Tortilla, ẹ̀fọ́ Seville, búrẹ́dì, edé alááyù, bọ́ọ̀lù ẹran màlúù tó bá wà. Tí ìyá yín bá wo àwo àkọ́kọ́ tó ní "Ọmọ mi, èyí tó kún dà?", ẹ dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́ pé "Ẹ fara balẹ̀ mà, èyí la fi ń bẹ̀rẹ̀, òmíì ń bọ̀", kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó tètè bọ̀ lóòótọ́. Omi tí ò tutù ni kẹ́ ẹ gbé fún wọn, torí yìnyín ni wọ́n ń kún inú ife lọ́hùn-ún.

Kó o tó kúrò níbẹ̀

Má di oúnjẹ lọ sílé àyàfi tí wọ́n bá ti sọ pé ó ṣeé ṣe. Ibì kan ní páálí tí wọ́n fi ń di í, ibòmíì kò gbà á rárá, pàápàá oúnjẹ alẹ́. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní October 2024, ìròyìn jáde pé Meta lé àwọn òṣìṣẹ́ bíi mẹ́rìnlélógún ní Los Angeles torí wọ́n ń fi owó oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ ń fún wọn, dọ́là 25 fún oúnjẹ alẹ́, ra nǹkan ìlò ilé. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó pọ̀, oúnjẹ dọ́là mélòó kan ló gbé e kúrò níbẹ̀.

Gbé tíréè ẹ fúnra ẹ. Àwọn agolo ìdọ̀tí máa ń tó mẹ́ta, ọ̀kan fún àjẹkù oúnjẹ, ọ̀kan fún ike, agolo àti páálí tó mọ́, ọ̀kan fún ìdọ̀tí yòókù. Ní California, láti January 2022 ni òfin ti ní kí wọ́n máa ya àjẹkù sọ́tọ̀. Kóró ólífì, igi ata, tíṣù tó ti dọ̀tí, ọ̀dọ̀ àjẹkù ni wọ́n sábà ń dà á sí, wo àwòrán tó wà lára agolo kó o tó jù ú. Ìkòkò amọ̀ àti àwo kì í wọ agolo o, orí pẹpẹ tí wọ́n ń kó àwo fífọ̀ sí ni kó o gbé e sí.

Ọ̀pọ̀ kafetéríà ló tún ní ibi tí òṣìṣẹ́ ti lè kọ ohun tó bá fẹ́ kí wọ́n sè, bóyá lórí béébà, bóyá lórí fóònù. Kọ ọ́. Má kọ "oúnjẹ Nàìjíríà" lásán, alásè ò ní mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé iyán ló máa kọ́kọ́ sọ sí ẹ lọ́kàn, àmọ́ iyán gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún, tó bá dúró lórí kánńtà á le, wọ́n á wá rò pé bó ṣe rí nìyẹn. Mọ́ínmọ́ín ni kó o kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ̀wà ò wọ́n níbẹ̀, ata rodo àti tàtàṣé wà níbẹ̀, kò sí àlìkámà nínú ẹ̀, kò sí wàrà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá yọ ẹyin àti ẹja kúrò, ẹni tí kì í jẹ ẹran á jẹ ẹ́, ó sì wọ inú àwo kékeré wọn. Kọ bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀wà, kọ pé kí wọ́n má jẹ́ kí ó ṣàn jù, kọ pé inú ewé ló ti ń dùn jù, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà láwọn ṣọ́ọ̀bù Éṣíà àti ti Mexico, kó o sì fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì ẹ sísàlẹ̀ kí wọ́n lè pè ẹ́ wá tọ́ ọ wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá sè é.